Iṣẹ́ Wáyà Tí Ọ̀gá Mi Kò Gbàdúrà Sí

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń jókòó síwájú ilé tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ fún mi láyè kí n bá yín sọ̀rọ̀. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Oníwáyà ní Ilora. Bàbá mi, tó jẹ́ díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, sọ mí ní Rúùtù. Ìyá bàbá mi ń pè mí ní Àsàkẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ilora tí ẹ bèèrè Rúùtù, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ bèèrè Ìyá Oníwáyà, ọlọ́kadà tó bá kọ́kọ́ gbọ́ yín ló máa gbé yín wá sílé mi.

Iṣẹ́ rédíò, tẹlifíṣàn àti kọ̀ǹpútà ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Kì í ṣe pé iṣẹ́ sú mi o. Ojú mi ló ní òun ò rí ìdí wáyà tín-tìn-tín mọ́. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé n kò gba fírídọ̀mù. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò gbé ọwọ́ lé mi lórí, kò gbàdúrà fún mi. Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ ọwọ́ rí ládùúgbò wa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ tí ọ̀gá kò bá gbàdúrà sí kì í yọrí. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi gbogbo ayé mi bá jà.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Mo ka ìwé mẹ́fà tán, ìyá mi fẹ́ kí n ṣe tíṣà, bàbá mi ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Mo ní rédíò ni mo fẹ́ máa tún ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń tú ìdí rédíò. Mo ní ẹni tí rédíò rẹ̀ bá bàjẹ́ ni. Nígbà tí bàbá mi rí i pé n kò ní yí padà, ó mú mi lọ sí Fìdítì, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Làmídì, nítorí òun nìkan ló gbà láti mú ọmọbìnrin. Àwọn yòókù ní àwọn ò fẹ́ wàhálà.

Ọ̀gá Làmídì ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í pariwo. Bí ẹ bá rí ọ̀gá tó ń pariwo, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Èyí tó bá dákẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Òfin méjì ló ní. Àkọ́kọ́ ni pé pùlọ́ọ̀gì tí ìka méjì kò bá lè tì wọlé, kí ẹnikẹ́ni má fi àtẹ́lẹwọ́ tì í. Bí o bá rí i pé o ti ń lo agbára, ìwọ lo ṣì í mú, ihò kọ́ ló ṣìnà. Ó máa ń ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," yóò sì dá a dúró níbẹ̀, àwa ọmọ iṣẹ́ la ó parí rẹ̀ pé ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Yóò fi aṣọ di ojú wa, yóò kó pùlọ́ọ̀gì oríṣiríṣi lé wa lọ́wọ́, yóò ní kí a fi ìka sọ èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á gbálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù títí dé etí títì. Mo gbálẹ̀ yẹn títí àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn fi mọ̀ mí, tí wọ́n ń juwọ́ sí mi bí wọ́n bá ń kọjá.

Òfin kejì ló dùn mí jù. Ẹni tó bá dé láàárọ̀, kí ó tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan, ó gbọ́dọ̀ wá kí Ọ̀gá, kí Ọ̀gá sì dá a lóhùn. Ìgbà tó bá dá ọ lóhùn ni o tó dé. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ kò tètè kún ní Ilora, mo dé pẹ̀lú ìkánjú. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, mo jókòó sórí àpótí mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú rédíò ìyá kan tó ń ta aṣọ. Ọ̀gá gbójú sókè. Ó wo ibi tí mo wà, ó ní, "Àsàkẹ́ ò wá lónìí ni?"

Mo ní, "Ọ̀gá, èmi rèé."

Ó kọjú sí ọmọ iṣẹ́ tó jókòó tì mí, ó ní, "Bó bá dé, kí o sọ fún un pé rédíò ìyá aláṣọ ń dúró dè é."

Rédíò yẹn ló wà lórí itan mi. Nígbà tí wọ́n pín oúnjẹ ọ̀sán, kò kàn mí. Mo dìde, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, "Ẹ káàsán, sà." Ó gba orí mi wo òdìkejì títì. Títí tí a fi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kò rí mi, kò gbọ́ ohùn mi. Lọ́jọ́ kejì, mo gba iwájú wọlé, mo kúnlẹ̀, mo kí i, ó ní, "Àsàkẹ́, ṣé o sùn dáadáa?" bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sunkún. Mo gbà pé ìgbéraga lásán ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn fún mi, a ó padà sí i.

Mo ṣe gbogbo ọdún tí wọ́n dá fún mi, mi ò jẹ gbèsè ọjọ́ kan. Ọjọ́ fírídọ̀mù pé. Wọ́n to àga síwájú ṣọ́ọ̀bù, bàbá mi wọ agbádá tó fi ń lọ sí ìpàdé ìjọ, ìyá mi gbé ìrẹsì wá. Àwa ọmọ iṣẹ́ kúnlẹ̀ ní ìlà. Ọ̀gá ń gbé ọwọ́ lé àwọn ọkùnrin lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wúre fún wọn, wọ́n ń ṣe àmín. Nígbà tó kàn mí, ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ó ní, "Ìwọ, dúró ná. Ilé ọkọ lò ń lọ. Bí o bá dé ilé ọkọ tí ọkọ rẹ gbà kí o máa ṣiṣẹ́ yìí, kí òun fúnra rẹ̀ wá bá mi, èmi yóò gbàdúrà fún ọ."

Bàbá mi bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi wólẹ̀. Èmi ò bẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tí mo fi ìka ara mi kọ́, kí ni ọkọ tí n kò tíì mọ̀ fẹ́ wá gbà fún mi níbẹ̀? Mo dìde lórí eékún mi, mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi.

Ọ̀gá ní, "Àsàkẹ́, bí o bá jáde báyìí, n kò rí ọ mọ́ o."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun tí ẹ kọ́ mi níṣẹ́." Mo sì jáde. Ìyá mi ló gbé ìrẹsì náà tẹ̀lé mi, a jẹ ẹ́ nílé.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ilora. Àwọn èèyàn á gbé rédíò wá, wọ́n á yọjú wo inú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní, "Ọ̀gá dà?" Mo máa ń ní, "Ẹ jókòó, ó ń bọ̀." Mo máa tú rédíò náà, mo máa tún un ṣe, yóò máa kọrin lọ́wọ́ mi, mo máa wá ní, "Ọ̀gá ti dé." Àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn bínú. Gbogbo wọn ló padà wá. Mo fẹ́ ọkọ, tíṣà ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Kò lọ bá Ọ̀gá Làmídì, n kò sì rán an.

Ṣùgbọ́n ní ọdọọdún, bí Iléyá bá dé, mo máa ń ru iṣu lọ sí Fìdítì, mo máa ń kúnlẹ̀ síwájú ilé Ọ̀gá, mo máa ń ní, "Ẹ kú ọdún, Ọ̀gá." Ọ̀gá á wo òdìkejì títì. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń gba iṣu, á sì bu ẹran fún mi sínú abọ́. Àwọn èèyàn ń yìn mí pé ọmọlúàbí ni mí. Òótọ́ ni, ọmọlúàbí ni mí. Àfojúdi mi náà sì ni, torí mo fẹ́ kó mọ̀ pé n kò lọ ibì kankan.

Irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. Rédíò tó dà bí àpótí aṣọ di èyí tó ń wọ àpò. Tẹlifíṣàn tó ní ẹ̀yìn gbọ̀ǹgbọ̀ dé, tí ọkùnrin méjì ń gbé wá, èyí tí iná inú rẹ̀ lè gbá ọ lulẹ̀ lẹ́yìn tí o ti pa á. Mo ní àpá kan ní ìgbọ̀nwọ́ tó wá láti ibẹ̀. Fídíò wá, fídíò lọ. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà àlòkù ránṣẹ́ sílé. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi sọ irinṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ ti kú, wọ́n lọ ń ta káàdì fóònù. Èmi jókòó tì í. Mo tú èyí tó ti kú, mo fi kọ́ èyí tó yè.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú jù lára kọ̀ǹpútà ni ẹnu tí wáyà àwòrán ń gbà jáde lọ sára mónítọ̀, ojú tí a fi ń rí àwòrán. Ẹnu náà kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn ọmọ òde òní ń fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì pè wọ́n. Èmi ń fi ìrísí wọn pè wọ́n, nítorí ìka mi ló kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n. Ẹnu búlúù ló dàgbà jù, ihò rẹ̀ tò ní ìlà mẹ́ta. Ẹnu funfun fẹ̀, ó ní ojú pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ ni èyí tó wà lára tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ gbogbo. Ẹnu búlúù ń sọ èdè àtijọ́, ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ ń sọ èdè tuntun. Ẹnu funfun mìíràn gbọ́ èdè méjèèjì, òmíràn gbọ́ ti tuntun nìkan. Nítorí náà, wáyà lè so ẹnu méjì pọ̀ kí wọ́n má sì gbọ́ ara wọn rárá. Láàárín búlúù àti tẹ́ẹ́rẹ́, ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ wà, èyí tí a ń pè ní kọnfátà. Ògbufọ̀ yìí dà bí ti ṣọ́ọ̀ṣì wa: ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì òyìnbó di Yorùbá, ṣùgbọ́n bí o bá ní kó sọ Yorùbá di Gẹ̀ẹ́sì, yóò máa wo Bíbélì. Ọ̀nà kan ló mọ̀. Ẹ kò lè fi ojú mọ ọ̀nà tó ń lọ, àfi kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó rà á.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì. Ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì ṣí ilé ìgbẹ̀bí sí Fìdítì. Ó ní ẹ̀rọ mẹ́ta. Sikáànì tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú aláboyún, ẹnu búlúù ni. Kọ̀ǹpútà tí orúkọ àwọn aláìsàn wà, ẹnu funfun. Kọ̀ǹpútà tuntun tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́, ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mónítọ̀ tirẹ̀. Èmi ni mo fa wáyà ilé náà, èmi ni mo ri irin mọ́lẹ̀ tó ń gbé iná àrá lọ sínú ilẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà kò fi ara ire dé. Àrá sán lu òpó iná tó wà lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí. Àwọn ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí wáyà tí mo fà, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ti yọ mónítọ̀ kúrò lójú iná tí mo ṣe sára ògiri, wọ́n ti kì wọ́n bọ wáyà gígùn kan tó wá láti ilé kejì, kí àwọn lè rí ojú iná tèmi fi gba iná sí fóònù wọn. Mónítọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jóná, èéfín gba gbogbo yàrá, wọ́n gbé abiyamọ tó bímọ lọ́jọ́ náà sáré jáde sínú òjò. Kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti dé Ilora pé wáyà Ìyá Oníwáyà ló pe àrá wá. Wọ́n ní Ọ̀gá Làmídì, tó ti darúgbó, tó ń jókòó síwájú ilé rẹ̀ tó kángun sí ilé ìgbẹ̀bí, gbọ́ ọ, ó sì ní, "Ṣé èmi gbàdúrà sí i ni?"

Ó dùn mí. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mí dé egungun. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, n kò lè mú irinṣẹ́ dání.

Agbára Màmá Nọ́ọ̀sì ká mónítọ̀ kan ṣoṣo, iná sólà rẹ̀ náà kò sì lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí ó má pè mí mọ́. Ó pe Ráfíù, ọmọ Ọ̀gá Làmídì, tó ń ta kọ̀ǹpútà l'Ọ́yọ̀ọ́. Ráfíù ta mónítọ̀ pẹlẹbẹ tó jẹ́ ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ fún un, àti àpótí kékeré kan tó ní bọ́tìnì. Àpótí yìí ni suíìṣì. Wáyà ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wọ inú rẹ̀, wáyà kan á jáde lọ sára mónítọ̀. Bí o bá ń tẹ bọ́tìnì, mónítọ̀ á máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ráfíù àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ so ó tán, kọ̀ǹpútà tuntun nìkan ló ń fi àwòrán hàn. Ráfíù ní sikáànì ti gbó, àwọn yòókù náà ti gbó, pé òun ní ẹni tí yóò ra sikáànì náà n'Íbàdàn, òun á fi mọ́tò wá gbé e ní ọjọ́ Ẹtì.

Ìgbà yẹn ni Màmá Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ wá sí Ilora.

Ó ní, "Ìyá Oníwáyà, ẹ má bínú sí mi. Bí sikáànì yìí bá kúrò ní Fìdítì, àwọn aláboyún á tún máa gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin náà ṣáà rántí ìyàwó Sùnmọ́nù."

Mo rántí. Kòtò ojú títì ló gbé òun àti ọ̀kadà ṣubú, wọ́n gbé e padà wá sílé láìsí oyún. Mo ní, "Màmá, ẹ dìde ká lọ. Sikáànì yẹn ò níí lọ ibì kankan."

Ohun tí mo bá níbẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Wáyà tí wọ́n fi sí ẹnu funfun jẹ́ irú èyí tó ní abẹ́rẹ́ kéékèèké mẹ́rin sí i, èyí tí ẹnu funfun ti Màmá kò ní ihò fún. Òṣìṣẹ́ Ráfíù ti fi píláyà fa abẹ́rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tu kí ó lè wọlé. Ó wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èdè àtijọ́ ni wáyà náà ń gbé, abẹ́rẹ́ tó fa tu yẹn gan-an sì ni ahọ́n rẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní ti sikáànì, ògbufọ̀ ni wọ́n rà, ṣùgbọ́n èyí tó ń lọ láti tẹ́ẹ́rẹ́ sí búlúù ni. Òdìkejì là ń fẹ́.

Ráfíù yọjú níbi tí mo ti ń tú u. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú. Ayé ti kọjá ibi tí ẹ wà. Tuntun layé ń rà báyìí."

Mo ní, "Ráfíù, mo pọ̀n ọ́ sẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ, o tọ̀ sí mi lára, mo sì jókòó ti iṣẹ́ mi. Ìwọ lo fẹ́ wá lé mi dìde báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ní, "Ọjọ́ Ẹtì ni mo ń bọ̀ o, Àǹtí. Bàbá gan-an ní àwọn fẹ́ bá mi wá wò ó."

Mo rí wáyà tó yẹ fún ẹnu funfun. Mo rí ògbufọ̀ tó mọ ọ̀nà tó tọ́ nínú àpótí tí ọmọ mi ti ń bẹ̀ mí láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí n dà nù, mo sì fún un ní iná tirẹ̀, nítorí ògbufọ̀ tí ebi ń pa kò ní sọ̀rọ̀. Mo dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan lára mónítọ̀, àwòrán jáde. Mo so gbogbo wọn mọ́ suíìṣì. Màmá pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni iná ti lọ, ó sì dé padà lẹ́sẹ̀kan náà, ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jí pọ̀. Mo tẹ bọ́tìnì. Ọ̀kan ṣoṣo ló ní àwòrán. Àwọn méjì yòókù ń mí, iná wọn ń tàn, ojú mónítọ̀ dúdú. Mo tú u, mo tún un so, mo tún un tẹ̀. Bí iná bá ti lọ tó dé, àfi èyí tí bọ́tìnì bá kọjú sí. Ẹ̀yin náà mọ iná ilẹ̀ wa, ẹ mọ iye ìgbà tó ń lọ. Mo padà sílé ní Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo bi ara mi pé bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ, pé iṣẹ́ tí ọ̀gá kò gbàdúrà sí kì í yọrí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo tún ti jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo káwọ́ lérí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Ṣadé, ti pẹ́ dé. Ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, ó bọ́ sí yàrá àwọn abiyamọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Màmá Nọ́ọ̀sì gbé ohùn sókè láti ìta. "Ta ló wà nínú yàrá yẹn? Mi ò tíì rí ẹnikẹ́ni tó wá síṣẹ́ o."

"Màmá, èmi ni."

"Èmi ta ni? Ẹni tí kò kí mi kò tíì dé."

Ọwọ́ mi dúró. Mo rí ara mi lórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Làmídì, pẹ̀lú rédíò lórí itan, tí mò ń ṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí mi. Ẹ̀rọ, bó bá ń jí, ó máa ń wá mónítọ̀ tó máa kí, mónítọ̀ á sì dá a lóhùn pé èmi nìyí, bí mo ṣe fẹ̀ tó nìyí. Bí suíìṣì bá kọjú sí ibòmíràn nígbà tí ẹ̀rọ ń jí, ó kí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó gbà pé kò sí mónítọ̀ láyé. Bí o bá wá tẹ bọ́tìnì síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà, o pẹ́. Ìkíni ọ̀sán ni, kò gbà á. Àwọn suíìṣì olówó ńlá ń bá mónítọ̀ dáhùn. Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tiwa fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wá kí i ní àárọ̀.

Mo pa gbogbo wọn. Mo tẹ bọ́tìnì sí sikáànì, mo tan án, mo dúró títí àwòrán fi jáde. Mo tẹ̀ ẹ́ sí kọ̀ǹpútà orúkọ, mo tan án, mo dúró. Mo ṣe bákan náà fún ti tuntun. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnì lọ tẹ bọ́tìnì bọ̀. Gbogbo wọn dáhùn. Mo yọ ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lára iná tó lè jí wọn pọ̀, mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú iná tirẹ̀ tí wọ́n máa fi ọwọ́ tàn lẹ́yìn ara wọn. Mo pe Ṣadé, mo kọ́ ọ. Mo ní, "Kí o jẹ́ kí wọ́n kí i lọ́kọ̀ọ̀kan, bí o ṣe yẹ kó o kí Màmá." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe lójú ẹsẹ̀.

Kí n tó sọ bó ṣe parí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu mi. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ kan ti kú, ẹ bi í pé ìgbà wo ló bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ẹ wá ọ̀gá tó le, ẹ gba gbogbo ohun tó bá ní, títí kan èyí tó ń bí yín nínú, nítorí ẹ kò mọ èyí tí yóò wúlò. Ṣùgbọ́n bí ó bá fa ọwọ́ sẹ́yìn lọ́jọ́ àdúrà, ẹ má kú sórí eékún. Ẹ gbé àpótí yín.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mọ́tò Ráfíù dúró síta. Ó fa Ọ̀gá Làmídì lọ́wọ́ wọlé, pẹ̀lú ọ̀pá. Aláboyún kan wà lórí ibùsùn, Màmá Nọ́ọ̀sì ń wò ó, ọmọ inú rẹ̀ sì ń ta ẹsẹ̀ lójú mónítọ̀ níwájú gbogbo wa. Ojú Ọ̀gá kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó na ọwọ́ sórí tábìlì mi, ó mú wáyà tí wọ́n fa abẹ́rẹ́ rẹ̀ tu, ó fi ìka méjì yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Ta ló ṣe èyí?"

Ráfíù wolẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ọmọ ọ̀dọ̀ mi ni."

Ọ̀gá gbé e kalẹ̀. Ó wá èyí tí mo so mọ́ suíìṣì, ó fi ìka tẹ̀lé e láti ìdí títí dé orí, ó fi ìka méjì yọ ọ́ díẹ̀, ó fi ìka méjì tì í padà. Lẹ́yìn náà ló yí ara rẹ̀ síhà ibi tí mo jókòó, ó tẹrí ba díẹ̀ lórí ọ̀pá rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá oníwáyà, ẹ kú iṣẹ́ o."

Láti ọjọ́ tí mo ti gbé àpótí mi jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀ rí. Ráfíù ń wò mí, Màmá ń wò mí. Wọ́n rò pé màá kúnlẹ̀, pé màá sunkún. Màmá ti wo aláboyún náà tán, kọ̀ǹpútà orúkọ tí wọ́n ti pa ló kù tí Ṣadé fẹ́ tàn padà. Mo tẹ bọ́tìnì sí i, mo tan án, mo sì dúró dè é títí àwòrán rẹ̀ fi jáde. Mo jẹ́ kí Ọ̀gá náà dúró.

Nígbà tó jáde tán, mo kọjú sí i. Mo ní, "Ẹ káàsán, Ọ̀gá. Ṣé ẹ ti dé?"

Ó ní, "Mo ti dé, Àsàkẹ́."